Ẹsẹ̀ Iwájú Ẹ̀rọ Koríko

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ ọ kà níbi iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, kí ọ̀gá má ká yín mọ́ ọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá wa sí, tó ń fún wa ní oòrùn àti òjò, tó sì ń mú kí koríko hù, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Ọ̀rọ̀ koríko ni mo bá wá, àti ọ̀rọ̀ ohun kékeré róbótó kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíárìn.

Bàbá kan wà ní ìjọ wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́rọ. Òun ló ń tọ́jú ọgbà ilé ìjọsìn àti ilẹ̀ ìsìnkú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti ba orúnkún rẹ̀ méjèèjì jẹ́, débi pé bí wọ́n bá ní ká dìde kọ orin, a ó ti dé ẹsẹ kejì kí ó tó nàró tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgékoríko ìjọ wa jẹ́ irú èyí tí à ń gùn. Ó ní ìjókòó, ó ní sítíárìn, ó ní táyà mẹ́rin, abẹ tó ń gé koríko sì wà ní abẹ́ ikùn rẹ̀. Bí Bàbá bá ti gùn ún, orúnkún kò ní ẹjọ́ kankan mọ́. Orí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti máa ń rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀rọ náà ti gbó. Táyà iwájú lápá òsì ti ń mì fún ìgbà pípẹ́, Bàbá sì ti gbà á bí ẹni gba ìwà ọmọ. Ní ọjọ́ kan, ní ibi tí ilẹ̀ ìsìnkú ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, táyà náà yọ, ó yí lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ fi imú gbálẹ̀, ó sì rọra lọ fara ti òkúta ibojì kan bí àlejò tó wá kí onílé. Bàbá ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ibojì pọ̀ lọ́tùn-ún, ó pọ̀ lósì. Ti bàbá tó bí Alága ìgbìmọ̀ ọgbà ni ẹ̀rọ yàn.

Alága pe ìpàdé. Ènìyàn tí kì í pariwo ni. Ohùn kan náà ló fi ń kéde òkú, ìgbéyàwó, àti ọkọ̀ tí wọ́n gbé dí ọ̀nà ọkọ̀ mìíràn.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ti dàgbà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo wa yóò dúró síbẹ̀, Bàbá yóò sì gùn ún sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Bí táyà bá tún mì, a ó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, a ó sì gba àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ẹ̀rọ ìgékoríko kọ́ èjìká."

Bàbá ní, "Èmi náà ńkọ́, Alága?"

"Ẹ ó máa sinmi, Bàbá."

Bàbá mọ̀ pé Ìwé Mímọ́ ṣèlérí ìsinmi fún àwọn ènìyàn Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ọgbà.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Wọn, bí wọ́n bá gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ mi, orí àga yìí ni o ó máa bá mi láti àárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló ń jí mi."

Ìyá Wọn ní, "Èmi ni mò ń jí yín."

"Ìwọ ń jí mi. Iṣẹ́ yẹn ló ń gbé mi dìde."

Ìyá Wọn wo ìgbọ̀nwọ́ tó bó náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni àbúrò yìí. Ó-ti-yé-mi ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn kí oníbàárà tó la ẹnu. Ó dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbé imú ẹ̀rọ lé orí búlọ́ọ̀kù, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Táyà náà ń dún kò-kò-kò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti yé mi."

"N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú." Ó yọ ìdérí àárín táyà, ó yọ kílípù, ó yọ wọ́ṣà, ó fa táyà jáde, ó sì nawọ́ sí páìpù irin kúkúrú kan tó wà nínú ihò rẹ̀. "Búṣì nìyí. Òun ni wọ́n fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní ọta róbótó tó ń yí kankan nínú, irin ló kàn ń ha irin. Ẹ wo ihò rẹ̀, ó ti ya bí ẹnu ẹni tó ń yán. Ẹ ń fún un ní gírísì ṣá?"

"Mo ń fún un."

"Ìgbà wo lẹ fún un gbẹ̀yìn?"

Bàbá wo ojú ọ̀run. "Nígbà tí wọ́n rà á."

"Ẹ kú ìtọ́jú," ni Ó-ti-yé-mi wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ó ṣàlàyé pé òun yóò yọ búṣì kúrò ní ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, òun yóò sì fi bíárìn rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Bíárìn ní ọta róbótó láàárín òrùka méjì. Ọta ni yóò máa yí, irin kò ní í ha irin mọ́. Ó wọn ihò, ó wọn ọ̀pá tí táyà ń yí lé, ó lọ ra èyí tó bá a mu. Nígbà tó fẹ́ kàn án wọlé, ó wá páìpù tí ẹnu rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú òrùka ìta, ó gbé e lé e, ó wá ń fi òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kì í lu òrùka ti inú o, Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá lu ti inú, ẹ ti pa á kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Ta ló fẹ́ lù ú? Ìwọ lo mú òòlù lọ́wọ́, àna mi."

Ó yọ róbà pẹlẹbẹ tó dé ojú bíárìn níta, ó fi àtàǹpàkò kún un ní gírísì dẹ́nu, ó ní òun fi í sílẹ̀ láìdé kó lè rọrùn láti máa fi kún un. Lẹ́yìn náà ó dá táyà padà. Nígbà tó fi ìka kan yí i, ó ń yí lọ láìsí ariwo, bí ẹni tí kò ní ìṣòro kankan láyé.

Ìyá Wọn ti ń wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. "Kí ni kò ní jẹ́ kó tún yọ?"

"Kí ó má ṣáà gbẹ, Àǹtí. Tí nǹkan tó ń yọ̀ bá ti wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, ó parí."

Ìyá Wọn mi orí. Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sí ọkàn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá gun ẹ̀rọ lọ gé koríko iwájú ilé ìjọsìn. Títí di ọ̀sán, ó ń kọrin. Lẹ́yìn ọ̀sán, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ń sín, ó wá ń ké, nígbà tó sì fi máa délé, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti ń ṣàn jáde lára rẹ̀. Bàbá ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ kíákíá.

"Bíárìn ayédèrú lo rà fún mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ní í tìtorí táyà bà mí lórúkọ jẹ́. N kì í ra ayédèrú."

"Ọ̀la ni Sátidé! O mọ̀ pé ọ̀la ni Sátidé?"

"Ó ti yé mi."

"Kò yé ọ!"

Ó-ti-yé-mi yọ ìdérí kúrò. Gírísì tó fi síbẹ̀ ti yọ́ bí ọṣẹ inú omi, iyanrìn àti koríko sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ìka kan díẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló gbàdúrà sí táyà yìí?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí orúnkún gbà á dé, ó gbóòórùn ìka náà. Òórùn òróró tí alúfàá máa ń fi kan iwájú orí wa lẹ́yìn ìsìn ni.

"Àmín," ni Bàbá wí, kí ó tó mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn méjèèjì yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá Wọn dúró síbẹ̀, ó ń nu àwo kan tó ti gbẹ.

"Èmi ni," ó wí.

"Àǹtí! Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Díẹ̀ ni."

"Àǹtí."

"Ìgò náà ti ń tán lọ tẹ́lẹ̀."

"Mo sọ pé gírísì!"

"Gírísì kọ́ lo sọ. O ní nǹkan tó ń yọ̀. Èyí ń yọ̀, ó sì tún jẹ́ mímọ́. Kí ló kù?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọ́n ṣubú látorí rẹ̀. Èmi ni mo fọ ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Mo ní kí Ọlọ́run bá mi di táyà náà mú."

Ìbínú Bàbá ò mọ ibi tí yóò gbà mọ́. Ó fi ọwọ́ nu ojú ẹ̀rọ níbi tí kò dọ̀tí.

Ó ní, "Orí mi ni kí o máa da òróró sí, Ìyá Wọn. Orí mi ló nílò rẹ̀."

Ó-ti-yé-mi ti jókòó sílẹ̀, ó ń fọ àwọn bíárìn náà nínú epo bẹntiróòlù. Ó ní irú òróró yẹn máa ń tú gírísì ni, lẹ́yìn náà yóò máa ki, yóò sì máa gbá iyanrìn mọ́ra. Ó gbà pé òun náà ní ẹ̀bi, nítorí òun ló fi ojú wọn sílẹ̀ láìdé. Mẹ́ta mọ́ dáadáa. Ẹ̀kẹrin, ti ìta lápá òsì, ń dún ràì-ràì bí ó ti ń yí i. Iyanrìn ti họ ọta rẹ̀.

"Èyí ti lọ. Ilé ìtajà sì ti tì."

Bàbá fìdí lé orí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá Wọn gbé àwo sílẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì ti bárò tó fi ń gbé omi wá.

"Ìwọ lo fi irú nǹkan yìí sí ẹsẹ̀ bárò mi nígbà tí ó ń ké. Yọ ọ́."

"Kí lẹ ó máa fi gbé omi, Àǹtí?"

"Orí ni mo fi ń gbé e kí n tó ní bárò. Yọ ọ́."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó bá a mu. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi róbà pẹlẹbẹ dé ojú ìta gbogbo wọn, ó ṣí ojú ti inú sílẹ̀, ó sì wa ẹrẹ̀ kúrò nínú ihò kékeré kan lára àárín táyà, níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa fi páńpù fún un ní gírísì láti ọjọ́ yìí.

Ó ní, "Mo ti ti ìta pa. Bí áńgẹ́lì bá fẹ́ wọlé, kó kan ilẹ̀kùn."

Ní Sátidé, ìgbìmọ̀ ọgbà tò sí eteetí ilẹ̀ ìsìnkú bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú. Bàbá gun ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀. A kò gbọ́ nǹkan kan ju ohùn ẹ́ńjìnnì lọ. Alága ní kí ó tún padà wá, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kọjá, níbi tí gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ yóò ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ òsì. Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Mo rí i tí ètè Ìyá Wọn ń mì. Táyà kò mì ní tirẹ̀.

Alága tọ ẹ̀rọ lọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àárín táyà bóyá ó gbóná. Kò gbóná.

Ó ní, "Ó dára lónìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fún un ní gírísì? Bàbá kò lè lóṣòó, gbogbo wa la mọ̀. Bí ó bá tún gbẹ, ibí yìí náà la ó tún pàdé."

Òtítọ́ ni Alága sọ. Ó-ti-yé-mi ń gbé lọ́nà jíjìn, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ń bójú tó. Ojú Bàbá ti ń wo orí àga ilé.

"Èmi ni yóò máa ṣe é," ni Ìyá Wọn wí.

Alága yíjú sí i. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá?"

"Mo mọ ohun tí a kì í dà sí i."

Ó-ti-yé-mi wúkọ́. Alága ní, "Ìyẹn ju ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ yìí mọ̀ lọ. Ẹ máa gé koríko yín lọ, Bàbá."

Láti ìgbà náà, lóṣooṣù, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé ìjọsìn wa kọjá, ẹ ó rí Ìyá Wọn tó lóṣòó pẹ̀lú páńpù gírísì, aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Á mi táyà lókè àti nísàlẹ̀, á fún un ní gírísì títí tí ti àtijọ́ yóò fi yọjú, á nù ún mọ́. Bàbá á jókòó sórí ẹ̀rọ, á máa dá sí i.

"Ó tó, Ìyá Wọn."

"Kò tíì tó."

"Mo ní ó tó."

"Èmi tàbí ẹ̀yin, ta ni wọ́n fún níṣẹ́?"

Bí ó bá parí, á fọ ọwọ́, á sì gbàdúrà ní ìdúró. Ẹnu nìkan ló ń lò.

Ẹ̀yin tí ẹ kà mí dé ibí yìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tó ń gbé yín dìde láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ yín. Kí ẹ má ṣàìní ẹni tí yóò lóṣòó nítorí yín. Àmín.