Ìṣirò Àjàṣẹ́ ní Kíláàsì Màmá Kòkúmọ́

Nígbà tí Màmá Kòkúmọ́ fi máa dé ẹnu géètì ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, inú ti ń bí i. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, tí wọ́n sì tún ní kí ọkọ̀ epo má dé àwọn ìlú tó sún mọ́ ẹnubodè mọ́, ọlọ́kadà tó bá dá èèyàn lóhùn ní Òkè-Ọ̀dàn, ojú rere ló ṣe onítọ̀hún. Eruku pupa ti bo bàtà rẹ̀. Ó wọ kíláàsì karùn-ún, tó ti ń kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ó bá a tí wọ́n ti tú u palẹ̀.

Gbogbo bẹ́ǹṣì tó máa ń tò ní ìlà kọjú sí pátákó ni wọ́n ti fà kúrò láyè wọn. Àwọn ọmọ jókòó ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Àwọn kan tilẹ̀ kẹ́yìn sí pátákó pátápátá.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ọ̀gá ni, mà!"

Caleb Mákindé, ọ̀gá ilé-ìwé, ni wọ́n ń wí. Màmá Kòkúmọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlaro dé ni, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé jọ fún ọjọ́ mẹ́ta láti kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ló wí bó ṣe wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ́ àjùmọ̀kọ́ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ á kọ́ ọmọ. Wọ́n á jọ ronú, wọ́n á jọ jiyàn, wọ́n á jọ wá ìdáhùn rí."

"Kí wá ni tèmi níbẹ̀, Ọ̀gá?"

"Ẹ óò máa rìn káàkiri láàárín wọn, ẹ óò máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Kí n tún máa rìn? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn láti ilé!"

Ó ti rí irú ọ̀nà tuntun bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni pé ọmọ tó dákẹ́ ló ń kẹ́kọ̀ọ́: olùkọ́ á wí, kíláàsì á wí tẹ̀lé e, títí yóò fi wọ̀ wọ́n lórí. Kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn kan fi dé láti Abẹ́òkúta, tí wọ́n ní àkọ́sórí kì í ṣe ẹ̀kọ́, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó sì ṣa ìdérí ìgò jọ odidi àpò kan fún wọn láti máa kà. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn tún dé, wọ́n ní ọgbọ́n àtinúdá ló kù, kí olùkọ́ má kàn sọ fọ́mọ pé kò gbà á, kó bi í bó ṣe rò ó. Ní báyìí, wọ́n ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá ronú mọ́. Èwo lèèyàn fẹ́ mú níbẹ̀? Bí wọ́n ti ń yí orúkọ rẹ̀ padà tó, ọmọ tó mọ ìṣirò ń mọ̀ ọ́n, èyí tí kò mọ̀ ọ́n ò mọ̀ ọ́n.

Lójú tirẹ̀, èyí tí kò mọ̀ ọ́n lọ́dún náà ni Toheebat. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Àjàṣẹ́, lódìkejì bọ́dà, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń lọ sílé-ìwé, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Ìyá Sàlímọ́tù, lóṣù Ògọ́ọ̀sì, ni wọ́n bá ti bọ́dà mọ́ ọn síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé ṣọ́jà ti pọ̀ jù lọ́nà, kí wọ́n fi í sílé-ìwé kó má baà jókòó lásán.

Gẹ̀ẹ́sì ò yé e, Màmá Kòkúmọ́ sì lè fara da ìyẹn. Ìṣirò pínpín rẹ̀ ni kò ṣeé fara dà. Ẹni tó bá fẹ́ fi 16 pín 432, ṣebí apá òsì ló máa kọ 16 sí, á fa ìlà lé 432 lórí bí òrùlé, ìdáhùn á sì jókòó lórí òrùlé náà. Ti ọmọ yìí kọ́. 432 ló máa kọ́kọ́ kọ, á fa ìlà kan wá sílẹ̀ gbọọrọ, á gbé 16 sápá ọ̀tún, á wá ti nọ́ńbà bíi mélòó kan bọ abẹ́ rẹ̀. Tó bá kọ 7, á fa ìlà gé e láàárín bí ẹni tó ti pa á rẹ́. 1 rẹ̀ sì nímú gígùn débi pé 7 lèèyàn máa pè é. Màmá Kòkúmọ́ kì í kà á débì kankan. Bírò pupa: X. X. X. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti ránṣẹ́ sí Ìyá Sàlímọ́tù pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò gba ẹ̀kọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ariwo fi gba kíláàsì náà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló burú jù: Toheebat, Ọlámipọ̀ ọmọ pásítọ̀ tó mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ, àti Lukman, ọmọ àgbẹ̀ kan tí kì í gba ọ̀rọ̀ kankan láìjiyàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kó orí jọ sórí ìwé kan, tí Lukman ń pariwo pé, "Irọ́ ni! Tún un ṣe kí n rí i!" Màmá Kòkúmọ́ á fi rúlà gbá tábìlì, wọ́n á dákẹ́. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó fún wọn ní ìdánwò, ìṣirò márùn-ún, kálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Àkókò ìsinmi ló gbé ìwé Ọlámipọ̀ kalẹ̀. Ìlà gbọọrọ. Nọ́ńbà tó fẹ́ fi pín wà lápá ọ̀tún. Ìdáhùn wà lábẹ́. Ó gbé ti Lukman. Bákan náà ni. Kò tilẹ̀ yẹ ti Toheebat wò kó tó dìde.

"Wọ́n jíwèé wò!" Bó ṣe ń ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọ́fíìsì Caleb nìyẹn. "Ẹ wo ohun tí ìjókòó yín fà, Ọ̀gá. Ọlámipọ̀ ló lọ ń wo ìwé ẹni tí kò gba ẹyọ kan rí!"

Caleb wo àwọn ìwé náà títí. "Màmá, ẹ ti kà á?"

"Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀?"

"Wọ́n gbà á, mà. Márààrún."

Màmá Kòkúmọ́ já ìwé náà gbà. Ó ṣírò ti àkọ́kọ́ lórí, ó ṣírò èkejì. Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 943 sára pátákó kékeré tó wà níbẹ̀, ó ní kí Lukman fi 23 pín in. Lukman pín in. 41 ló jókòó sábẹ́ 23.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Toheebat ni, mà. Mo kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Mo fi tiyín ṣe é, òun náà fi tiẹ̀ ṣe é, ó já síbì kan náà. A ṣe é tó ìgbà ogún."

"Èmi ni mo rí i pé kì í pa 7 rẹ́, mà," ni Ọlámipọ̀ wí. "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún nìyẹn. Tó bá sì fẹ́ yọ nǹkan kúrò, kì í kọ ọ́ sílẹ̀, orí ló fi ń yọ ọ́."

"Àwa ò lè fi orí yọ ọ́," ni Lukman já a gbà. "La bá da méjèèjì pọ̀. À ń gbé ìdáhùn sábẹ́ bíi tiẹ̀, à ń kọ yíyọ sílẹ̀ bíi tiyín. Kì í jẹ́ ká ṣàṣìṣe, mà."

Màmá Kòkúmọ́ tún wo pátákó náà. Lóòótọ́, ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti Àjàṣẹ́. Kò rí i nínú ìwé kankan rí. Ó yíjú sí Toheebat.

"Ìwọ, kí ló dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. "Ẹ ní ká má sọ̀rọ̀, mà."

Ó ní kí wọ́n máa lọ. Caleb fẹ́ la ẹnu. "Màmá, ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ní Ìlaro gan-an ni..."

"Caleb, tí o bá tún dárúkọ Ìlaro fún mi lónìí, màá bínú sí ẹ."

Ó gbé ìwé Toheebat jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. X mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà gba méjìdínlọ́gbọ̀n. Mẹ́ta péré ni kò gbà, ojú sì ti Màmá Kòkúmọ́ nígbà tó rí i pé inú òun dùn sí mẹ́ta yẹn.

Nírọ̀lẹ́, ó gba ilé Ìyá Sàlímọ́tù lọ. Ìyá náà ń sẹ́ gààrí lójúde.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọ̀rọ̀ Toheebat ló gbé mi wá. Ọmọ náà mọ ìṣirò. Èmi ni mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é."

Ìyá náà ò dáwọ́ dúró. "Lẹ́ẹ̀mejì lẹ ránṣẹ́, Tíṣà. Mo ti bá télọ̀ sọ̀rọ̀ pé kó gbà á síṣẹ́ tọ́dún bá ti yí. Mo sì na ọmọ náà nítorí X yín."

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ ò mọ̀. Ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń sọ pé òun gbà á, tí mo ní ó ń purọ́."

Màmá Kòkúmọ́ kúnlẹ̀. Ìyá Sàlímọ́tù pòṣé, ó gbọn gààrí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ dìde, ẹ má kó eruku sáṣọ. Màá sọ fún télọ̀ pé kó má retí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Màmá Kòkúmọ́ pe Toheebat síwájú pátákó. "Ẹ gbọ́ mi," ló wí fún gbogbo kíláàsì. "Ìwé Toheebat tí mo ń fi X sí, èmi ni mo ṣì í. Ó gbà á. Toheebat, má bínú." Ọmọ náà ò mọ ibi tó máa wò. Màmá Kòkúmọ́ na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Ó yá, fi hàn wọ́n."

Toheebat ò tíì ṣe é dé ìdajì tí Gbọ́lá, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn, fi ní òun ò gbà. Lukman dìde láti dá a lóhùn. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní àwọn ti rí ọ̀nà kẹta. Tábìlì mẹ́rin ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, orí ti ń fọ́ Màmá Kòkúmọ́.

"Ẹ sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan! Àbí etí mélòó ni mo ní? Gbọ́lá, dìde, kí lo ní o ò gbà níbẹ̀?"

Caleb yọjú pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ilẹ̀kùn yẹn dé," ni Màmá Kòkúmọ́ wí láìwo ẹ̀yìn. "À ń jiyàn lọ́wọ́."