Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gé

Èmi ni mo gé abẹ́rẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa káàánú mi.

Ní ilé-ìwádìí wa ní ìlú Sfax, ohun tí à ń wò kéré ju ohun tí ojú lè rí. Wáyà tín-ín-rín la máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé, kí ẹnu rẹ̀ lè mú ṣóṣó; òun là ń pè ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ á máa fà á kọjá lórí irin láì fara kàn án, ibi tí átọ́ọ̀mù bá sì jókòó sí, á yà á sórí kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ tó dáa ṣọ̀wọ́n. Bọ́wọ́ bá tẹ ọ̀kan, a kì í pààrọ̀ rẹ̀, a kì í tilẹ̀ yìn ín sókè nítorí ojú burúkú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, tòun ti gbogbo ìwé tó kà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ so ẹja onírin kékeré tí wọ́n fi ń lé ojú burúkú mọ́ ẹ̀rọ náà.

Oṣù mẹ́rìnlá ni Sundus fi abẹ́rẹ́ mi yìí ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni, ọmọ ìlú Gafsa. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé lórí oyè ọ̀mọ̀wé, wọn kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní ọdún keje. Ohun tó rí ni pé bí a bá wọ́n átọ́ọ̀mù fàdákà sórí bàbà, méjì méjì ni wọ́n ń jókòó. Ẹnikẹ́ni ò rí irú ẹ̀ rí. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó lọ ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú àwòrán kan wá bá mi.

"Bọ̀dá Shádílì, ẹ bá mi wo nǹkan. Kí ló dé tí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà?"

"Bóyá wọ́n ń kírun ni."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká yí irin yẹn. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, àwọn náà á yí tẹ̀lé e."

A yí i. Àwòrán ń jáde díẹ̀díẹ̀ látòkè. Bàbà ti yí. Àwọn fàdákà méjì méjì ò yí rárá.

Ó yé àwa méjèèjì. Abẹ́rẹ́ mi ní ẹnu méjì. Átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹnu kìíní rí i, ẹnu kejì tún rí i, ẹ̀rọ sì ya méjì. Mo gé abẹ́rẹ́ mìíràn, a sì fi tún un wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn jókòó.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, ó ń béèrè iye èèyàn tó máa wá lọ́jọ́bọ̀, torí ìpanu aládùn mákrúdì tó fẹ́ dín.

"Ẹ ṣe é níwọ̀nba, Màámi," ó ní, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó wò mí títí. "Bọ̀dá, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi. Gbogbo ilé-ìwádìí ló ń pè mí ní ọlọ́wọ́ ire nítorí abẹ́rẹ́ yẹn, oyè yẹn sì dùn mọ́ mi. Mo ti rí i tipẹ́ pé wọ́n kọjú síbì kan náà, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ìtìjú ni, kò lórúkọ mìíràn.

"Láti Ramadan," mo ní.

Ó fi ìka ka oṣù. "Oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́fà ni ǹ bá fi tún gbogbo ẹ̀ ṣe."

Kò pariwo, kò bú mi. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, Bọ̀dá," bó ṣe máa ń kí mi lójoojúmọ́, nítorí pé mo jù ú lọ.