Òjé Lára Torino Ìyá Mi

Tí Don Bazán bá ní òun ò ṣe é, ta ló kù? Kò sẹ́ni tó kù. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó wá, mo ṣáà wá. Mo wá jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù mi níwájú géètì rẹ̀ tó ti tì, mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀... níbo ni mo tiẹ̀ fẹ́ wà á lọ?

Gbogbo ìlú Alta Gracia ló ń sun oorun ọ̀sán. Ajá pàápàá ń sùn. Èmi nìkan ni mo la ojú sílẹ̀ bí ẹja yíyan.

Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ — iṣẹ́ kì í rẹ̀ mí. Látìgbà tí apá mi ti gba irin gbé ni mo ti ń jó irin géètì àti fèrèsé pọ̀. Wíwá èèyàn ló rẹ̀ mí. Kí n máa bẹ̀, kí n máa ṣàlàyé, kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀ tí wọn á bá sọ̀rọ̀ gan-an.

Torino náà, ọkọ̀ àtijọ́ ìyá mi, wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó rí bí adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́ tán. Gbogbo ibi tó ti dípẹtà ni mo gé dànù. Ilẹ̀ ọkọ̀, mo gé e. Abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, mo gé e. Mo jó páànù tuntun sí i, ó mú ṣinṣin. Àmọ́ ibi tí òrùlé ti yí wá bá èjìká ẹ̀yìn, ojú ìjórin yẹn... òjé ni wọ́n fi dí i nígbà tí wọ́n ṣe é. Òjé yíyọ́, tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ tẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ẹrẹ̀ sára ògiri. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́. Mo dán an wò: iná kéré, ó wó bí yẹ̀pẹ̀, iná pọ̀, ó ṣàn sílẹ̀ bí omi.

Cacho tó ń lu ara ọkọ̀ létí odò rẹ́rìn-ín sí mi. "Yani, bọ́dìfílà ni! Dí i, rẹ́ ẹ, kùn ún, ó tán." Mo ní ara ọkọ̀ yẹn máa ń yí lójú ọ̀nà òkè, bọ́dìfílà á sán, omi á wọlé, ìpẹtà á tún padà. "Ta ló fẹ́ rí i? Ṣé ìyá ẹ tí ò ríran ni?" Mi ò gbá a létí. Mo mú àpò mi. Ó ń pariwo lẹ́yìn mi, "Àwàdà ni o, arẹwà! Má bínú!"

Ìyá mi ń ríran. Ó ṣì ń ríran... díẹ̀. Lánàá, ẹ̀gbẹ́ abọ́ ló bu ọbẹ̀ sí. Dókítà ti ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ni ìkẹyìn, tí ọdún bá ti parí, kò sí òmíràn. Òun náà sì ní: "Ojú ló ń kú, Yani, ẹsẹ̀ mi ò tíì kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n fi Torino gun òkè Altas Cumbres, ìwọ jókòó tì mí, kí o máa pariwo. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, màá kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹ." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn.

Oṣù Kẹjọ la wà yìí, ọdún ò ní pẹ́ parí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìgbà òtútù tiwa níbí ti ń fẹ́.

"Lọ bá Bazán." Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́. "Òun ló ń tẹ́ òjé nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe Torino — tí ò bá tíì kú." Kò kú. Ó wo àwòrán tí mo mú wá, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Mi ò ṣe é mọ́, ọmọ." Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ní kí n jókòó.

Ó wá fún mi ní máté, omi ewé gbígbóná tí a ń fi ahá mu, àmọ́ tútù ni tiẹ̀.

Tútù nini! Ta ni ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Ẹni tí wọ́n bá gbé ahá máté tútù fún, kó dìde, ilé ti tó lọ. Ohun tí ìyá ìyá mi ń fún àwọn tó ń wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ tí ò wù ú nìyẹn. Bazán fúnra rẹ̀ ò mu, ó ní inú òun ò gbà á mọ́. "Ó tutù," mo ní, kó lè mọ̀ pé mo mọ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó gbé kẹ́tù padà sórí iná. Èyí tó pò lẹ́yìn náà bó mi lahọ́n. Omi híhó! Ewé ti jóná, ó korò bí oró. Mo ní, ó dáa, ó ń lé mi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló tan iná gáàsì, ó gbé e sí àjákù páànù kan. "Fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn. Ṣé ó ti gbóná tó?"

Bí ẹni ń bi ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Inú bí mi. "Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ajórin ni mí, mi ò wá kọ́ ABD." Ó tún un bi mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀: "Ṣé ó ti gbóná tó?" Mo jáde. Mo gbọ́ tó ti géètì.

Ó tún un bi mí... Ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?

Ewé jíjóná yẹn náà. Máté tútù, èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ pò ó. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà ilẹ̀ Córdoba wa yìí mọ̀ọ́mọ̀ jó ewé? Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ló jókòó níwájú rẹ̀, kò ní jó ewé. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ la fi ń kan ikùn kẹ́tù, tó bá ti ń fẹ́ jóni, a gbé e kúrò. Òun náà fọwọ́ kàn án. Mo rí i. Mo ń bínú, mo sì rí i: gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló tẹ́ sára kẹ́tù lórí iná, ó ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ fún mi, omi ń hó, kò gbé ọwọ́ kúrò...

Kò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Áà. Ọwọ́ yẹn ti kú. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ tó ti kú tẹ́ òjé? Ta ló sì fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí ò mọ̀ rí? Kì í ṣe ìdánwò. Ó ń bi mí nítorí pé kò mọ̀. Ó tan iná, ó mú páànù — iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ yẹn! Iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, mo sì dìde lórí ẹ̀.

Géètì ṣì tì. Wọn kì í jí àgbà lójú oorun ọ̀sán, màá dúró dè é. Mo fi orí ti irin ìdarí ọkọ̀, mo ń dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn.

Kò tíì tó, Bàbá. Ó kù díẹ̀. Ẹ má tíì gbé iná kúrò.