Gbóná Báwo?

Ìyá Kí-Ló-Dé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Bí ajá bá gbó lójú títì, á yọrí lójú fèrèsé, á ní kí ló dé. Alágbàfọ̀ ni, ó ń fọ aṣọ, ó sì ń lọ̀ ọ́, kò sì sí ṣẹ́ẹ̀tì kan tó máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà láìbéèrè ibi tí àbàwọ́n ọrùn rẹ̀ ti wá. Àwọn tó bá ń kánjú máa ń yà gba ẹ̀yìnkùlé, kí ìbéèrè rẹ̀ má bàa mú wọn pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Òun náà mọ̀. Ó ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹni tó bá wù kó máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í béèrè ohunkóhun, kì í sì í dáhùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Aago ló ń tún ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, á jókòó sórí àga kékeré rẹ̀, á tẹríba sórí tábìlì, gíláàsì kékeré á wà lójú kan, á máa fi ẹ̀mú ṣa irin tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ máa ń ṣú bá a. Bí àga yẹn bá lè sọ̀rọ̀ ni, òun ni ì bá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó máa lo oògùn, kó sì máa rìn dáadáa, kí ara rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ èyí, kò sì gbàgbé, nítorí orí irú àga bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọkọ rẹ̀ ti sùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sì jí mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ọjọ́ kan lòun náà máa gbé omi lọ fún ọkọ òun nídìí tábìlì, tí kò ní í nawọ́ gbà á.

Ẹ̀yìn ilé wọn ni pápá iléèwé kan wà. Ní àràárọ̀ Sátidé, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá máa ń kó àwọn àgbàlagbà jọ síbẹ̀, wọ́n á rìn, wọ́n á sáré díẹ̀. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ìyá Kí-Ló-Dé kò kúkú lọ síbẹ̀ láti sáré, ó lọ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Ìgbà tó béèrè tán, ó ti rin pápá yí ká.

Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé wọn kì í dédé sáré. Wọ́n á kọ́kọ́ rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á ju apá síwá sẹ́yìn, wọ́n á yí ìbàdí, wọ́n á gbé orúnkún sókè. Ó bi Tíṣà pé ẹni tó fẹ́ sáré, kí ló dé tí kò kàn sáré? Tíṣà ní ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Ó ní ara tó tutù dà bí aṣọ tí wọ́n ta sítáàṣì sí tó sì gbẹ gan-gan, bí o bá fi agbára fà á, á ya, ṣùgbọ́n bí ó bá rí omi díẹ̀ àti ooru díẹ̀, ibi tó bá wù ọ́ lo lè tẹ̀ ẹ́ sí. Ó ní ọkàn náà kì í fẹ́ kí wọ́n ta òun jí, kí wọ́n rọra pè é ni. Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí wọ alágbàfọ̀ lára. Ló bá tún béèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbé omi dání, àti ìdí tí wọ́n fi ń wo okùn bàtà kí wọ́n tó gbéra, àti bóyá ẹni tó bá ń lo oògùn gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó wá. Tíṣà dá a lóhùn gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn délé, nítorí kì í sábà rí ẹni tí ìbéèrè kì í sú.

Gbogbo rẹ̀ ló wá dà lé ọkọ rẹ̀ lórí nídìí tábìlì aago. Ọkùnrin náà ní òun á lọ. Nígbà tí Sátidé dé, ó ní orúnkún ń dun òun. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní ẹ̀yìn ni. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó ní ẹnì kan ń bọ̀ wá gba aago ògiri, ẹni náà kò sì yọjú títí di òní olónìí. Ìyàwó rẹ̀ ò bínú mọ́, ẹ̀rín ló kù tó fi ń gbọ́ ọ. Ó ní bí àwáwí bá jẹ́ eré sísá, ọkọ òun ì bá ti gba ife ẹ̀yẹ.

Sátidé tí à ń sọ yìí, ọkùnrin náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, bàtà kánfáàsì tuntun wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò wọ̀ ọ́.

Ó ní, “Ara mi gbóná.”

Ìyàwó rẹ̀ ń so okùn bàtà tirẹ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbórí sókè. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ. Bí Tíṣà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ ti ṣíwájú gbogbo wa.”

Ọkùnrin náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé pápá, ṣùgbọ́n ìgbà wo ló tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìrì ṣì wà lórí koríko. Wọ́n rìn, wọ́n ju apá, wọ́n yí ìbàdí. Tíṣà wá dúró síbi ìlà funfun, ó fi fèrè há ẹnu, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ara ti gbóná. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á ní kó bọ́ sórí ìlà. Kápẹ́ńtà àdúgbò ní tòun ti gbóná. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní tòun fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó kan aláago wa, ó ní, “Ara mi gbóná,” òótọ́ pọ́nńbélé ló sì sọ. Tíṣà fi ọwọ́ hàn án ibi tó máa dúró sí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ wà, ó ń wò ó tayọ̀tayọ̀. Ibi tó ti ń wò ó ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí nǹkan kan. Ṣẹ́ẹ̀tì Kápẹ́ńtà ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ọrùn ìyá oníṣọ́ọ̀bù ń dán fún òógùn, òun alára ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Ọrùn ọkọ rẹ̀ ló gbẹ. Ó tún ká apá mọ́ àyà bí ẹni tí òtútù ń mú. Alágbàfọ̀ tó bá sá aṣọ sórí okùn kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá rí i pé gbogbo rẹ̀ ṣì tutù, tí ẹyọ kan gbẹ, á fẹ́ mọ ohun tó ṣe ẹyọ kan yẹn. Ẹnu rẹ̀ ti béèrè kó tó mọ̀.

“Gbóná báwo?”

Àwọn tó wà lórí ìlà mí kanlẹ̀, wọ́n ní ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà gan-an ti fẹ́ fọn fèrè.

Ọkọ rẹ̀ ní, “Gbóná ni.”

“Mo gbọ́. Gbóná báwo? Láti ìgbà wo?”

“Láti àná. Orí ń fọ́ mi, gbogbo oríkèé ara ń ro mí.”

Tíṣà yọ fèrè lẹ́nu. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó fà á kúrò lórí ìlà, ó mú un lọ jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ó ní ẹni tí ibà ń ṣe kì í sáré, kì í tilẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́. Ọkàn ń bá ibà jà lọ́wọ́, wọ́n tún fẹ́ gbé eré lé e lórí, ọkàn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sì ni. Ó wá sọ pé òun ò béèrè dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà lòun ń lò fún ẹni tó ti múra tán àti ẹni tó ń ṣàìsàn.

Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ẹlòmíì, ìbínú ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ìyá Kí-Ló-Dé dojú kọ ọkọ rẹ̀, ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Mo sọ. Mo sọ fún ọ nílé, mo sọ fún Tíṣà níbí.” Ó mu omi díẹ̀. “Ìwọ tó ń bi ajá, o ò bi mí.”

Kápẹ́ńtà lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ibà náà kò tètè lọ. Obìnrin náà jókòó tì í, ó ń ki aṣọ bọ omi, ó ń fi nù ún lára, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi gidigidi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá ọkùnrin yìí dáhùn, torí kì í sọ̀rọ̀. Ó mọ bí orúnkún ṣe jẹ́ àwáwí, ó mọ bí ẹ̀yìn ṣe jẹ́ àwáwí, ìgbà tí òótọ́ dé, kò ṣí ilẹ̀kùn fún un. Gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì ló ń rí ìbéèrè rẹ̀ gbà, èyí tí wọ́n jọ ń sùn ni kò rí.

Nígbà tí dókítà ní ó lè máa rìn, wọ́n padà sí pápá. Tíṣà ti yí ìbéèrè rẹ̀ padà. Ó ń bi wọ́n pé, “Ṣé ara ti yá?” Kápẹ́ńtà ní ṣùgbọ́n èyí náà ní ìtumọ̀ méjì, ṣé ti ẹni tó gbádùn lẹ́yìn àìsàn ni, àbí ti ẹni tó ti ń yọ̀ láti sáré? Tíṣà ní èyí tó bá wù ú ni kó mú, ẹni tí ìkankan nínú méjèèjì kò bá tíì sí lára rẹ̀, kó má sáré. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ìyá Kí-Ló-Dé nínú débi pé ó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ.

Àwọn méjèèjì kò sáré. Wọ́n rọra ń rìn létí pápá, àwọn yòókù ń kọjá lára wọn. Níbi kọ̀rọ̀ tí igi wà, ọkọ rẹ̀ dédé dúró. Obìnrin náà wo ọrùn rẹ̀, ó ti lààgùn. Ó wo ojú rẹ̀, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Ó ní, “Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan kan,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì tún ń rìn lọ. “Mo ní kí n wò ó bóyá o máa bi mí.”