Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ilé Baba Bonaria

Tomasa fi etí ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Àwọn ará ilé Bachisio ti jókòó sí pálọ̀. Gbogbo ìlú Aggius ló mọ̀ pé Tomasa ni wọ́n wá tọrọ, ṣùgbọ́n àṣà kò gbà kí wọ́n dárúkọ ọmọge: ẹran tó sọnù ni wọn yóò pè é, ilé rẹ̀ yóò sì máa mú obìnrin jáde níkọ̀ọ̀kan títí yóò fi kàn án.

"Ọ̀dọ́ àgùntàn wa kan ló sọnù," ni Baba Quirico wí, ẹ̀gbọ́n bàbá Bachisio, tí í ṣe agbẹnusọ wọn. "A tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín."

"Àgùntàn kò wọ́n níbí," ni bàbá Tomasa dáhùn. Ó fa ìyá tirẹ̀, Màmá àgbà, jáde. "Ṣé èyí ni?"

"Ó dára, àmọ́ eyín tí yóò fi jẹko dà?"

"Irun orí tìrẹ náà dà, Quirico?" ni Màmá àgbà dá a lóhùn. Ilé bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n mú àbúrò bàbá Tomasa obìnrin jáde. "Èyí sanra jù, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa á kán!" ni Baba Quirico wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú Bonaria, ẹ̀gbọ́n Tomasa. Tomasa ń tún ìborí rẹ̀ ṣe, òun ló kàn, nígbà tí Baba Quirico pàtẹ́wọ́.

"Òun gan-an nìyí! A ti rí i!"

Àwọn ará ilé wo ara wọn lójú. Ẹni tí agbẹnusọ bá mú, òun ni ìyàwó.

Orí Tomasa dàrú. Ṣé Bonaria ni Bachisio ń fẹ́ látọjọ́ yìí? Àwọn méjèèjì ló máa ń kí níbi ìsun omi. Orin tó kọ lábẹ́ fèrèsé ńkọ́? Yàrá kan náà ni òun àti Bonaria jọ ń sùn! Bachisio kò fẹnu sọ ọ́ rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ojú ló fi sọ ọ́. Àbí ẹ̀yìn òun ni Bonaria dúró sí nígbà náà?

Ó yọjú. Bachisio doríkodò, etí rẹ̀ pọ́n wẹ̀. Ọkọ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbi ìtọrọ. Ìtìjú ni, àbí ayọ̀?

"Kí lo ṣe yìí?" ni ìyàwó Baba Quirico ń kùn.

"Ẹnìkẹta kọ́ ni? Ẹnìkẹta ni ìyàwó máa ń jẹ́!"

"Ta ló ní kí o máa kà wọ́n?"

Tomasa ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde.

"A ò tíì pè ọ́!" ni bàbá rẹ̀ kígbe.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, ṣé kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú un ni?"

Ó dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bachisio dìde. Iwájú Bonaria ló kọ́kọ́ dé, ojú Tomasa sì ṣókùnkùn. Àṣé ó tẹríba bẹ̀ ẹ́ ni, kó tó na òrùka sí Tomasa.

"A dúpẹ́ o!" ni Bonaria wí. "Etí ẹ̀ pọ́n jù fún mi."

"Èmi ni, àbí?" ni Tomasa bi Bachisio jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ni," ni ọkọ ìyàwó tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ dáhùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ: Baba Quirico ṣì ń jiyàn lórí òǹkà rẹ̀.