Àwọn Ìwé Tí Ẹ̀gbọ́n Lọ̀

Obìnrin alágbàfọ̀ kan fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ gbogbo ìwé kọ́míìkì tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ń kó jọ láti kékeré, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ díye lé wọn ń bọ̀.

Kò fi ìkà ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ojú àbúrò yìí ló ń lọ. Dókítà ní omi inú ẹyinjú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì ń tẹ iṣan tó fi ń ríran pa díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti kú nínú rẹ̀ kò lè jí mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú méjèèjì kí oṣù tó parí, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù kò ní lọ. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, wọn kì í sì í gba ìdajì. Àbúrò ò ní nǹkan kan tó ṣe é tà àfi àpótí mẹ́rin tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, tí ìwé kọ́míìkì kún inú wọn dẹ́nu. Nítorí ìwé wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Kàwé-má-jẹun láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ó pe ọkùnrin kan tó ń ra ìwé àtijọ́, ó sì ka orúkọ wọn fún un láti orí, torí kò rí wọn kà mọ́. Ọkùnrin náà pariwo lórí fóònù nígbà tó gbọ́ pé ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ Ẹyẹ Onírin wà níbẹ̀. Ó ní owó wọn á tó ojú méjèèjì, á tún ṣẹ́ kù.

"Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe rí lójú ló máa sọ iye tí mo máa san o," ó ní.

Gbólóhùn yẹn ni Ẹ̀gbọ́n, tó jókòó tì í, gbọ́ mú lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń lọ aṣọ fún èèyàn. Ohun tó mọ̀ ni pé aṣọ tó bá rún, kò níyì. Èyí tó bá nà gbọnrangandan, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa jókòó níwájú. Ó ṣí àpótí, ó rí èèpo ìwé tó ká létí, ó rí èyí tó rún láàárín.

"Há! Ṣé báyìí la ṣe máa gbé e síwájú oníbàárà?"

Kò bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ọjọ́ méjì ló fi ṣe é, nígbà tí àbúrò bá sùn. Á wọ́n omi díẹ̀, á tẹ́ aṣọ funfun lé e, á sì lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá báǹkì. Ìwé ń nà, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń rùn bí ìwé tó fẹ́ jóná?" àbúrò bi í láti inú yàrá.

"Aṣọ oníbàárà ni. Sùn jàre."

Ẹyẹ Onírin ló fi ṣe àṣekágbá. Nígbà tó ṣí aṣọ funfun kúrò lórí rẹ̀, orí ẹyẹ náà ti bá aṣọ lọ. Pupa, búlúù, tòun ti ojú. Ibi tó yẹ kí orí ẹyẹ wà lórí ìwé ti di funfun.

Ó sáré tú àwọn tó kù. Ojú ìwé tó wà nínú wọn ti lẹ̀ mọ́ra, àwọn tí kò lẹ̀ sì ń dán bí orí apárí. Ó ki aṣọ funfun bọ inú omi ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́ títí èékánná fi ń ta á. Kò sí àbàwọ́n tó tíì borí rẹ̀ rí. Èyí borí rẹ̀. Ojú ẹyẹ náà ń wò ó láti inú ọṣẹ.

Kò sọ. Ó to ìwé padà sínú àpótí, ó jókòó lé ọ̀kan.

Ọjọ́ kejì ni oníwé, ọkùnrin tó fẹ́ ra ìwé náà, dé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun àti awò kékeré kan tó fi ń wo nǹkan nínú nínú. Àbúrò ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa dè é.

"Ẹ má sunkún sí wọn lára o," ó ní, "omi ojú máa ń ba ìwé jẹ́."

Oníwé rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ẹ̀rín náà tán. Ó ṣí ìkejì, ó gbé e símú. Ó wo ojú Ẹ̀gbọ́n, ó wá wo tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, tó hàn láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń mi orí, ó ń bẹ̀ ẹ́ láìsọ̀rọ̀.

"Ẹ ti dákẹ́ o. Kí lẹ rí?" àbúrò béèrè.

"Ọ̀gá, ta ló ń tọ́jú ìwé yìí?"

"Èmi ni. Mi ò kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọlọ́wọ́ kàn wọ́n."

"Ṣé nǹkan gbígbóná ò kàn wọ́n?"

"Gbígbóná bíi kí ni? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nǹkan kan kàn wọ́n?"

"Rárá o," ni ohun tó jáde lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n.

Oníwé mí kanlẹ̀. Ó dárúkọ owó tó tó ojú kan àti ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n rò ó lójú ẹsẹ̀: tí òun bá fi owó tí òun fi pamọ́ fún ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun kún un, ojú méjì pé. Kó ṣáà gbà. Olúwa, kó ṣáà gbà.

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn.

"Ẹ rí afọ́jú, ẹ ní kí ẹ rẹ́ ẹ jẹ."

"Mi ò rẹ́ yín jẹ, ọ̀gá. Ẹ bi ará ilé yín."

"Kò burú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ lójú. Ẹ bá mi wò wọ́n. Ṣé ìwé mi bàjẹ́?"

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ní láti sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó rí i bí ojú tí kò ríran dáadáa yẹn ṣe ń wá òun kiri, tó ń wo ibi tí òun ò sí.

"Wọ́n dáa," ó ní.

"Ẹ gbọ́? Ẹ kó ìbọ̀wọ́ yín, ẹ máa lọ. Olè!"

Oníwé dúró ti Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ sọ fún un. Owó tó wà lọ́wọ́ mi yìí, bí mo bá rí ìwé níbòmíì, màá ná an ni o."

Ọjọ́ márùn-ún ni Ẹ̀gbọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Tí àbúrò bá kọlu àga, á fò dìde. Tó bá ní "Ẹ̀gbọ́n mi," á rò pé ó ti fọwọ́ kan ìwé náà. Àbúrò ń pe àwọn tó ń ra ìwé, kò sẹ́ni tó wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀ lójú fèrèsé, oòrùn sì ń ràn yànràn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òjò ṣú ni?"

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ọmọ tí òun gbé pọ̀n. Ó sọ gbogbo rẹ̀: omi, aṣọ funfun, áyọ́ọ̀nù. Àbúrò ò bú u. Ì bá bú u ì bá sàn. Ó ní kó gbé Ẹyẹ Onírin wá, ó sì fi ìka ra á láti etí dé etí.

"Ẹ pè é," ó ní.

Oníwé gbé fóònù. Ó bínú díẹ̀, ó sì káàánú púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ra ẹrù ìwé ẹlòmíràn láàárọ̀ àná. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú owó ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó ojú kan péré.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe. Kí oṣù kejì tó dé ìdajì, ojú òsì Kàwé-má-jẹun ti kú pátápátá.