Aṣọ Tí Wọ́n Kàn Mọ́ Ògiri

Inú bí Àpọ̀kẹ́ gidigidi. Ìbíọlá ìyá rẹ̀ kú ní ìdájí, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán, kò sì sí aṣọ òkú ilé wọn lára rẹ̀. Aṣọ aláró kan ṣoṣo ni. Òun ni wọ́n fi ń bo gbogbo obìnrin ilé náà kí wọ́n tó sin wọ́n. Létí sàréè, wọn á ṣí i, wọn á fọ̀ ọ́, ó di ìgbà mìíràn.

Ilé ohun àtijọ́ abúlé wọn, Akparé, ni aṣọ náà wà. Àká òwú tí àwọn Jámánì fi sílẹ̀ nígbà tí Faransé lé wọn lọ ni wọ́n sọ di ilé yìí. Àwọn ará abúlé ló tún un ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbowó: agboolé kan ń gbá a lónìí, òmíràn lọ́la. Àdéhùn wọn ni pé ẹni tó bá ní nǹkan níbẹ̀ lè mú un lọ lò, kó sì dá a padà.

Àfi Étienne! Ọmọ àbúrò bàbá Àpọ̀kẹ́ ni, tíṣà ni, òun ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́ pé kọmandà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wọn, ń bọ̀ wá wo ilé náà láti Atakpamé, ó fi ìṣó mẹ́rin kan aṣọ òkú mọ́ ògiri, ó sì tilẹ̀kùn. Irú làákàyè wo nìyẹn?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù," ló wí. "Mizé nibí, bí òyìnbó ṣe ń pè é: ilé ìwòran ni. Bí kọmandà bá lọ, ẹ ó mú un."

"Kí ìyá mi máa wú nínú ooru de òyìnbó? Nígbà tí ìyá tìẹ kú, aṣọ wo la fi bò ó?"

Étienne wolẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Ọ̀sán ni kọmandà dé. Bí Étienne ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, Àpọ̀kẹ́ ti dé, ọkùnrin mẹ́rin gbé òkú tẹ̀ lé e. Wọ́n gba iwájú òyìnbó kọjá, wọ́n tẹ́ Ìbíọlá sórí tábìlì, láàárín ìkòkò àti ọkọ́ àtijọ́. Kọmandà ṣí fìlà, ó bi Étienne léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Àpọ̀kẹ́ di aṣọ náà mú, ó fà á tagbáratagbára. Ìṣó mẹ́ta fò yọ. Ìkẹrin kò gbà, aṣọ sì ya. Ó fi bo ìyá rẹ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó rọra fọwọ́ tẹ́ ẹ kó dọ́gba, kó tó nàka sí àkísà tó ṣẹ́kù sára ògiri.

"Étienne, ìyẹn ló kù. Fi han àlejò rẹ."